Ọkọ̀ Onílé Létí Òkun Oregon
Ọ̀nà 101 ló gba etí òkun Pàsífíìkì kọjá ní ìpínlẹ̀ Oregon, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láti Astoria lápá àríwá títí dé Brookings ní gúúsù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ̀ onílé, tó ní ibùsùn, ààrò gáàsì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú, a máa tò lọ lórí rẹ̀: bàbá, ìyá, ọmọ, títí kan ajá ilé.

Kò sí olówó tó lè fi ọgbà dí etíkun náà mọ́ ará ìlú. Ní ọdún 1913, gómìnà Oswald West mú kí òfin sọ iyanrìn tí omi ń bò di ojú ọ̀nà ìjọba. Òfin ọdún 1967, tí gómìnà Tom McCall buwọ́ lù, fa ẹ̀tọ́ ará ìlú dé orí iyanrìn gbígbẹ.

Ní ọgbà ìpàgọ́ Beverly Beach, nítòsí Newport, abẹ́ igi ni ọkọ̀ ń sùn, abẹ́ afárá sì ni ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà dé òkun. Bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, wọn a kọ́kọ́ mú un dọ́gba, torí fìríìjì onígáàsì kò fẹ́ ìdàgẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wáyà iná àti rọ́bà omi. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í dù ni dída ìdọ̀tí nù: omi ìgbẹ́ ló ń ṣáájú, kí omi ọṣẹ tó tẹ̀lé e lè ṣan rọ́bà ìdọ̀tí mọ́.

Òkun ibẹ̀ tutù bíi yìnyín, kódà lóṣù Keje. Ìgbì òjijì a sì máa yí ìtì igi tó sùn sétí omi, èyí tó lè pa géńdé. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi jẹ́ kí ọmọ gun ìtì igi náà.