Òòfà Tó Ṣí Ọ̀nà fún Iná
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba fún àwọn ará Yorùbá ní Gamkalley, Niamey

Mo ti ṣèlérí fún àwọn tó pè mí pé n kò ní kọ ìṣirò kankan sára pátákó. Bí ẹ bá rí i tí mo ń wá ṣọ́ọ̀kì, ẹ lé mi sọ̀kalẹ̀.

Bí a bá sọdá odò tó wà lẹ́yìn wa yìí, a ó dé yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ Abdou Moumouni, onímọ̀ físíìsì ọmọ Niger tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí bí a ṣe lè sọ ooru oòrùn di ohun ìlò. Oòrùn ni ó yàn, kò sì sí ẹni tó gbé Niamey rí tí yóò bi í léèrè ìdí. Òtútù ni ọ̀rọ̀ tèmi. Ṣùgbọ́n iná ló so àwa méjèèjì pọ̀.

Láti ọdún 1976 ni wáyà 132 kV ti ń gbé iná láti Birnin Kebbi wá sí ìlú yìí. Nígbà tí Nàìjíríà já a ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba níhìn-ín, ẹ̀yin lẹ wà nínú òkùnkùn, ẹ̀yin lẹ mọ bó ṣe rí. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé nígbà tí wọn kò já a pàápàá, gbogbo iná tó kúrò ní Birnin Kebbi kọ́ ló ń dé ọ̀dọ̀ wa. Elẹ́kítíróònù tó ń sáré nínú wáyà ń kọlu átọ̀ọ̀mù wáyà náà, wáyà á gbóná, ooru á bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹnì kan ló sì ń san owó rẹ̀.

Súpákọ́ńdọ́tọ̀ ni ohun tí ìdènà tó ń mú wáyà gbóná yìí kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ní 1911, Heike Kamerlingh Onnes ní Leiden mú màkúrì tutù dé -269 dígírì, ó sì rí i pé ìdènà inú rẹ̀ pòórá lójijì. Wọ́n rí irú rẹ̀ nínú òjé, nínú niobium àti nínú ọ̀pọ̀ irin mìíràn, ṣùgbọ́n títí di 1986, kò sí èyí tó lè ṣe é bí òtútù kò bá tó -250. Hílíọ̀mù olómi ni wọ́n fi ń dé irú òtútù bẹ́ẹ̀, hílíọ̀mù sì wọ́n bí ojú. Ní 1957, Bardeen, Cooper àti Schrieffer ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀: elẹ́kítíróònù ń so pọ̀ ní méjì-méjì, ìgbọ̀nrìrì átọ̀ọ̀mù ló ń so wọ́n, èjì tó so pọ̀ kì í sì í fẹsẹ̀ kọ. Àlàyé náà gún régé. Ohun kan tó tẹ̀ lé e ni pé òòfà ni ọ̀tá súpákọ́ńdọ́tọ̀. Ní 1958, Bernd Matthias àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi gadolinium, tí átọ̀ọ̀mù rẹ̀ jẹ́ òòfà, sínú lanthanum. Ìwọ̀n kan péré nínú 100 ti tó láti ba ti lanthanum jẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí Georg Bednorz àti Alex Müller, ní ilé ìwádìí IBM ní Rüschlikon lẹ́bàá Zürich, lọ mú ohun tí ẹnikẹ́ni kò kà sí: lanthanum, barium, bàbà àti ọ́síjìn, tí a sun pọ̀ di ohun líle bí àwo amọ̀. Ní 1986, ó di súpákọ́ńdọ́tọ̀ ní nǹkan bí -238. Ní oṣù kìíní 1987, Maw-Kuen Wu ní Huntsville ní ìpínlẹ̀ Alabama, àti Paul Chu ní Houston, fi yttrium rọ́pò lanthanum, ó sì gòkè dé -180. Ẹ má ṣe fojú kéré fífò yẹn. Náítírójìn olómi ń hó ní -196. Inú rẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ẹran-ọ̀sìn ń tọ́jú àtọ̀ màlúù sí fún ìgbìn, wọn a sì gbé e kiri nínú ìgò irin lẹ́yìn ọkọ̀. Ohun tó ń gba hílíọ̀mù tẹ́lẹ̀ ti wá di ohun tí ìgò oníṣẹ́ màlúù lè ṣe. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún yẹn, àwọn onímọ̀ físíìsì kún òtẹ́ẹ̀lì kan ní New York, wọ́n jókòó títí aago mẹ́ta òru, àwọn mìíràn sì wà lóde lẹ́nu ọ̀nà. Müller àti Bednorz gba ẹ̀bùn Nobel kí ọdún náà tó parí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba kinní dúdú yìí, èyí tó ní yttrium, kí ẹ máa gbé e káàkiri. Ẹ rọra o, ó ń fọ́ bí àwo. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le: wọ́n á gún ìyẹ̀fun mẹ́ta pọ̀, ti yttrium, ti barium àti ti bàbà, títí yóò fi kúnná, wọ́n á fún un pọ̀ bí oògùn oníhóró, wọ́n á sun ún nínú iná tó lé ní 900 dígírì, wọ́n á wá jẹ́ kó rọra tutù nínú ọ́síjìn. Èyí tí Wu kọ́kọ́ sun ní àwọ̀ ewé díẹ̀ àti àwọ̀ dúdú díẹ̀ nínú. Dúdú yẹn ni oníṣẹ́. Ọ́síjìn ìkẹyìn ni àṣírí gbogbo rẹ̀: bí ọ́síjìn bá jẹ́ 6 sí bàbà 3, iná kò ní kọjá níbẹ̀ rárá, bí ó bá súnmọ́ 7, ọ̀nà ṣí gbayawu.

Kí ló dé? Nínú gbogbo àwọn ohun wọ̀nyí, bàbà àti ọ́síjìn tẹ́ pẹrẹsẹ ní ìpele-ìpele, bàbà kan sí èkejì kò ju angstrom 3.8 lọ. Orí ìpele yìí ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ìyókù kàn ń ṣe olùpèsè ni. Bàbà kọ̀ọ̀kan ní elẹ́kítíróònù kan tó dá wà. Ẹ ronú kan bọ́ọ̀sì tó ń ti Niamey lọ sí Kọ̀tọ̀nù, tí gbogbo ìjókòó kún, ẹni kan lórí ìjókòó kan, tí òfin sì sọ pé ẹni méjì kò gbọdọ̀ jókòó pọ̀. Èrò pọ̀ jaburata, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ṣípò. Àwọn tó fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀ lọ́nà àtijọ́ sọ pé irin tó ń gbé iná ni yóò jẹ́, nítorí ìṣirò náà kò ka bí elẹ́kítíróònù ṣe kórìíra àjọjókòó sí dáadáa. Iṣẹ́ ìṣirò yìí kò jìnnà sí wa: Diola Bagayoko, ọmọ Mali, ní Southern University ní Louisiana, wà lára àwọn tó ṣírò bí elẹ́kítíróònù ṣe tò nínú èyí tó ní yttrium.

Elẹ́kítíróònù tó há báyìí jẹ́ òòfà kékeré kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá kọjú sókè, gbogbo aládùúgbò rẹ̀ á kọjú sísàlẹ̀. Àwọn méjì tó kọjú síbì kan náà kò lè yọjú sílé ara wọn, òfin físíìsì tí à ń pè ní òfin Pauli kọ̀ ọ́; àwọn tó kọjú síra lódìlódì lè yọjú fìrí, ìyọjú fìrí yẹn sì ń dín agbára wọn kù. Nítorí pé wọ́n ń pa ara wọn rẹ́, òòfà ọjà kò lè lẹ̀ mọ́ ọn, àfi kí a fi níútírọ́ọ̀nù yẹ̀ ẹ́ wò, bí wọ́n ṣe ṣe ní 1987. Nínú èyí tó ní lanthanum, ètò yìí kì í tú títí ooru á fi dé nǹkan bí 50 dígírì. Ooru oṣù kẹrin Niamey, bó ti le tó, kò ràn án.

Wàyí o, kí ẹnì kan sọ̀ kúrò nínú bọ́ọ̀sì wa ní Dosso. Strontium tí a fi rọ́pò díẹ̀ nínú lanthanum ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: ó ń yọ elẹ́kítíróònù kúrò, àyè ń ṣí. Bí a bá yọ 2 nínú 100, ètò òòfà gígùn náà tú. Bí a bá yọ ju 5 lọ, súpákọ́ńdọ́tọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 16 ó dé góńgó, ní nǹkan bí -235. Bó bá kọjá 27, irin lásán ni. Àyè kan tó ń rìn nìkan ń da ìdojúkọ àwọn tó kọjá lára wọn rú. Bí àyè kejì bá tẹ̀ lé e, ó ń tún un ṣe. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìsopọ̀ méjì-méjì ti wá: ọ̀tá àtijọ́ ló di alárenà.

Àwọn kan kò gbà, Müller fúnra rẹ̀ wà nínú wọn: títí ayé rẹ̀ ló gbà pé ìgbọ̀nrìrì átọ̀ọ̀mù kò ṣeé yọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Èrò onímọ̀ físíìsì Philip Anderson, tó kọ ọ́ ní 1987 pé òòfà náà ló ti so wọ́n pọ̀ tẹ́lẹ̀, ni mo fara mọ́ jù, ẹ̀rí méjì ló sì mú mi dúró síbẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹ fi gadolinium, ìkà ọjọ́sí yẹn, rọ́pò gbogbo yttrium inú kinní dúdú tó wà lọ́wọ́ yín. Kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ní nǹkan bí -180 náà ni yóò ti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi zinc, tí kì í ṣe òòfà rárá, rọ́pò díẹ̀ nínú bàbà, kíá ni gbogbo rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́. Ihò tí kò ní òòfà láàárín àwọn òòfà ló ń pa á. Ìkejì, ní 1994, Tsuei àti Kirtley fi òrùka kékeré tí wọ́n gbé kalẹ̀ sórí kírísítálì mẹ́ta rí i pé ìdajì ìwọ̀n òòfà tí a máa ń retí ló wà nínú rẹ̀. Èyí kò lè rí bẹ́ẹ̀ àfi bí èjì tó so pọ̀ bá ní apá mẹ́rin tí àmì wọn ń yí padà, tí wọn kì í pàdé lórí bàbà kan náà. Èjì tí ìkórìíra àjọjókòó bí nìyẹn.

Ìbéèrè tí ẹ fẹ́ bi mi ni pé nígbà wo ni wáyà súpákọ́ńdọ́tọ̀ yóò dé Birnin Kebbi. Ní 2014, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iná gba inú irú wáyà yìí, kìlómítà kan, tí náítírójìn ń mú tutù, lábẹ́ ìlú Essen ní Jámánì. Ṣùgbọ́n ohun tó ń fọ́ bí àwo kò rọrùn láti fà gùn, ìtutù náà sì ń jẹ iná. Èyí tó ga jù nínú àwọn oníbàbà, tó ní màkúrì, tí wọ́n rí ní 1993, kò tíì kọjá nǹkan bí -140 bí a kò bá fún un mọ́lẹ̀.

Ibi tí mo ń wò báyìí ni níkẹ́lì, aládùúgbò bàbà lórí tábìlì àwọn ẹ́límẹ́ǹtì. Ní 2019, Harold Hwang àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stanford sọ ohun tó ní níkẹ́lì àti ọ́síjìn di súpákọ́ńdọ́tọ̀. Ní 2023, àwọn ará Ṣáínà fún òmíràn mọ́lẹ̀ gidigidi, ó sì ṣe é ní nǹkan bí -193. Bí a bá rí i níkẹyìn pé òòfà kò lọ́wọ́ nínú ti níkẹ́lì, a jẹ́ pé ó yẹ kí n tún èrò mi lórí bàbà gbé yẹ̀wò.