Bíà yín ń hó jù? Ẹ má gbé òkúta lé e o

Ẹnìkan tó ń pọn bíà nílé n'Ìbàdàn fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ìfófòó ti gba ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì jáde, ó ti kún ilẹ̀. Ṣé kí n gbé òkúta lé ọmọrí ni?"

Àbúrò mi, rárá o!

Ìwúkàrà, ìyẹn yíìsì, ohun ẹlẹ́mìí ni. Ó ń jẹ ṣúgà, ó ń sọ ọ́ di ọtí, ó sì ń tú gáàsì jáde. Ooru ló ń mú un sáré. Yíìsì bíà tí wọ́n ń pè ní ale fẹ́ràn nǹkan bí 18 sí 22 lórí Celsius. Yàrá tiwa ńkọ́, tí wọ́n bá ti múná lọ? Ó lè tó 30! Híhó náà tún ń mú ooru tiẹ̀ wá. Ìdí nìyẹn tí fídíò àwọn ará ìlú òtútù kì í fi í bá tiwa mu.

Ẹ wo àwọn ẹlẹ́mu. Wọn kì í dé kẹ́ẹ̀gì ẹmu tuntun pinpin. Wọ́n mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ mí.

Nítorí náà, airlock kékeré tí ìfófòó ti dí yẹn, ẹ yọ ọ́. Ẹ wá ọ̀pá rọ́bà tó fẹ̀ díẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ ki ẹnu kan bọ ihò ọmọrí, kẹ́ ẹ ki ẹnu kejì sínú ike omi. Gáàsì á jáde, ìdọ̀tí ò ní wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sínú báàfù omi, ẹ fi tówẹ́ẹ̀lì tútù wé e, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ìgò omi dídì sínú báàfù láàárọ̀ àti lálẹ́. Bíà yẹn ò tíì bàjẹ́ o. Nígbà mìíràn, bọ́kẹ́ẹ̀tì 20 lítà, ẹ má bu ju 15 sí i.

Ìgò gan-an lẹ̀rù ń bà mí sí. Ìfófòó orí ilẹ̀, aṣọ ìnulẹ̀ lẹ máa fi nù ún. Ìgò tó bá bú gbàmù, ojú èèyàn ló lè fọ́. Ìfófòó lè rọlẹ̀ lọ́jọ́ kẹta kí ṣúgà ṣì pọ̀ nínú ẹ̀. Ẹ ra hydrometer. Àfi tí nọ́ńbà ẹ̀ bá dúró sójú kan fún ọjọ́ mẹ́ta kẹ́ ẹ tó rọ ọ́ sígò. Ṣúgà tẹ́ ẹ máa fi sí i kó lè ní gáàsì, gíráàmù 6 sí 7 ni fún lítà kan. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ má fojú bù ú.

Èmi máa ń rọ ọ̀kan sínú ike Coke. Tí ike yẹn bá ti le gbandi, gbogbo ìgò yòókù á wọ firíìjì lọ́jọ́ náà. Tí iná bá wá lọ fún ọjọ́ méjì, ẹ pe àwọn ọ̀rẹ́ yín, kẹ́ ẹ mu ún tán.