Ta Ló Ni Ìdọ̀tí Ọjà Wa?

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ojú gbogbo wa ló wà. Bí ọjà bá tú nírọ̀lẹ́, tí oníkálukú ti di ẹrù rẹ̀, ẹ bojú wẹ̀yìn kí ẹ wo ilẹ̀. Kí lẹ rí? Ọ̀rá dúdú, ọ̀rá omi, ewé àkàsà, èèpo ọsàn, agolo tòmátì, ike, egungun ẹja. Bí ẹnìkan bá béèrè pé ta ló ni ín, aláta á ní ti ẹlẹ́ja ni. Ẹlẹ́ja á ní èrò ọkọ̀ ló jù ú sílẹ̀. Èrò ọkọ̀ sì ti lọ. Ìdọ̀tí kò wá ní olówó mọ́. Ṣùgbọ́n àìsàn tó bá ti ibẹ̀ jáde mọ ilé tó ń lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa ló ń lọ.

Báwo ló ṣe ń dé ibẹ̀? Àkọ́kọ́ ni eṣinṣin. Eṣinṣin kì í jókòó sójú kan. Á kúrò lórí ìgbẹ́ ọmọdé tí ẹnìkan wé sínú ọ̀rá jù sẹ́yìn ìsọ̀, á bà lé ẹja díndín tí a kò bò. Ìgbẹ́ gbuuru ló ń gbé bọ̀, ó sì lè jẹ́ onígbáméjì. Bí ọmọ bá ń ṣu gbuuru, ẹ má dá omi dúró, ẹ má sì já a lẹ́nu ọmú. Ẹ po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún un: omi mímọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí kékeré 6 tí a rẹ́ lórí, iyọ̀ ìdajì ṣíbí kan náà. Kí iyọ̀ má jù bẹ́ẹ̀ lọ o. Bí ojú ọmọ bá ti jìn sínú, tí kò lè mu omi mọ́, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ìkejì ni ẹ̀fọn. Níbí, ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa, torí a máa ń da ọ̀rọ̀ yìí pọ̀. Ẹ̀fọn tó ń fa ibà tí gbogbo wa mọ̀, omi tó dúró nílẹ̀, nínú kòtò àti ipa ẹsẹ̀ ọkọ̀, ló fẹ́ràn jù. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tí ó ní àmì funfun lára àti lẹ́sẹ̀, ọ̀sán ló ń jẹni. Inú agolo, ife ike àti táyà àlòkù nìyẹn ń yé sí. Òun ló ń gbé ibà pọ́njú àti déńgè kiri. Omi òjò díẹ̀ nínú agolo tòmátì ti tó o. Láti ẹyin títí yóò fi fò, bí ọjọ́ 7 sí 10 ni. Ẹyin náà sì lè gbẹ mọ́ ara agolo fún oṣù bíi mélòó kan, kó máa retí òjò. Nítorí náà, ká da omi inú agolo nù nìkan kò tó. Ká kó agolo náà kúrò nílẹ̀ ni. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú wà, oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń fún ọmọ. Ẹ má jẹ́ kó fò yín ru.

Ìkẹta, ọ̀rá á dí gọ́tà, òjò á kó ẹ̀gbin gotà wọ inú ìsọ̀. Ẹlòmíràn á wá ní, "Ẹ jẹ́ ká kúkú dáná sun ún." Rárá o. Májèlé wà nínú èéfín ọ̀rá àti ike. Aboyún àti ọmọ ẹ̀yìn ló sì ń mí i sínú níbi tí ìyá ti ń tajà.

Wàyí o, kí la máa ṣe? Ariwo nìkan kò lè yanjú ẹ̀. Ohun tí a kò kà, a kò lè mọ iye rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ìgbà òfin wọn ti ọdún 1990, wọ́n ń fún òpópónà ní máàkì mẹ́rin: A ni ibi tí kò sí ìdọ̀tí rárá, B ni ibi tó kéré, C ni ibi tó fọ́n káàkiri, D ni ibi tó kún bámúbámú. Ẹni tó ń gbálẹ̀ àti ẹni tó ń sanwó jọ ń sọ èdè kan. Àwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ẹ mú ibi mẹ́rin: ẹnu ọjà, ìlà àwọn olóúnjẹ, ibùdókọ̀, iwájú ilé ẹ̀kọ́. Ní ibì kọ̀ọ̀kan, ẹ rìn ní ìṣísẹ̀ 50, kí ẹ máa ka ohun tó wà nílẹ̀. Kí ọmọ tó mọ̀wé máa fa ìlà sínú ìwé: ọ̀rá mélòó, agolo mélòó, ike mélòó, ìgbẹ́ mélòó. Bí ẹ bá rí abẹ́rẹ́ tàbí ìgò fífọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ kọ ọ́ sọ́tọ̀. Ẹ kà á láàárọ̀ kí ọjà tó kún, nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn ọjà, àti láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ ṣe é fún ọjà mẹ́rin.

Ìwé yẹn á sọ̀rọ̀. Bí ilẹ̀ bá kún nírọ̀lẹ́ tó sì mọ́ lọ́jọ́ kejì, agbálẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Àgbá ìdalẹ̀ ni kò sí. Bó bá ṣì kún lọ́jọ́ kejì, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń gbá a. Bó bá jẹ́ ìdí àgbá ni ìdọ̀tí kóra jọ sí, àgbá wà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń dà á nù. Ọ̀tọ̀ ni àìsàn kọ̀ọ̀kan, ọ̀tọ̀ loògùn rẹ̀. Bí ẹ bá lọ ra àgbá níbi tí kò sẹ́ni tí yóò dà á nù, ilé eku lẹ kọ́ yẹn.

Lẹ́yìn náà, kí ìyálọ́jà mú ìwé náà lọ bá ọ̀gá arọndísímá, kó sì dé mérì. Ẹ má bẹ̀rù. Láti ọdún 1999 ni òfin orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti fi kíkó ìdọ̀tí sí ọwọ́ kómúùnù. Owó ọjà tí ẹ ń san sì wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ SGDS tí ẹ ń rí ọkọ̀ rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ìlú márùn-ún ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún: Kútọnu, Àjàṣẹ́, Kàlàvì, Wídà àti Sẹ̀mẹ̀. Ẹ má torí ìyẹn jókòó. Ẹ má kàn sọ pé "Ọjà wa dọ̀tí." Ẹ sọ pé, "Níbi báyìí, ní ọjọ́ báyìí, ọ̀rá báyìí la kà." Ẹni tí a bá ka nǹkan sí lójú kì í rọrùn fún un láti ní òun kò mọ̀.

Àwa náà ńkọ́? Òfin oṣù Kejìlá ọdún 2017 ti ka ọ̀rá tí kì í jẹrà léèwọ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣì wà lábẹ́ ìsọ̀ wa. Ewé tí àwọn ìyá wa fi ń pọ́n àkàsà máa ń jẹrà, ilẹ̀ á jẹ ẹ́ tán. Ọ̀rá kì í jẹrà. Ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́, ó sì ń kú. Ẹ sọ fún oníbàárà pé kó mú agbọ̀n wá. Kí oníkálukú gbé apẹ̀rẹ̀ kan sí ìdí ìsọ̀, kó sì gbá iwájú rẹ̀ kó tó di ẹrù.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ní ọjà tó ń bọ̀, ẹni mẹ́ta péré ti tó láti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ta ló ni ìdọ̀tí ọjà wa? Tiwa ni, torí àwa la ni ọmọ tó ń ṣeré níbẹ̀.