Òkúta Tí Ó Gbé Ilẹ̀ Wa Ró
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ sọ lẹ́yìn ìrun Asri ní Boundary, Àpápá)

   

Ọ̀dọ́ kan nínú wa rí àyè gbà ní yunifásítì láti kọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ àti òkúta, èyí tí wọ́n ń pè ní jiọ́lọ́jì. Bàbá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹ̀kọ́ tí ó bá ń ka ọjọ́ orí òkúta ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù ọdún, ẹ̀kọ́ kèfèrí ni. Ọmọ náà wá bá mi pẹ̀lú ìbànújẹ́. Mo rí i pé ó yẹ kí a gbọ́ ohun tí ẹ̀kọ́ náà wí, kí a tó dá a lẹ́jọ́.

Oríṣi èèpo méjì ni ó bo ayé. Èyí tí ó wà lábẹ́ òkun jẹ́ òkúta dúdú tí ó wúwo. Ó nípọn tó nǹkan bí kìlómítà 7. Èyí tí àwa ń gbé lórí rẹ̀ fúyẹ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó nípọn tó kìlómítà 35 sí 40. Ti abẹ́ òkun a máa rì padà sínú ayé nítorí ìwúwo rẹ̀. Ìdí nìyí tí púpọ̀ jùlọ nínú rẹ̀ kò fi tó 200 mílíọ̀nù ọdún. Tiwa fúyẹ́, ó léfòó, ó sì pẹ́.

Báwo wá ni èyí tí ó fúyẹ́ ṣe jáde lára èyí tí ó wúwo? Ẹ wo ọ̀rá àgbò Iléyá nínú apẹ gbígbóná. Ọ̀rá ni yóò kọ́kọ́ yọ́, tí yóò sì léfòó. Ẹran yóò kù sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni òkúta dúdú tí omi ti wọ̀ lára, nígbà tí ó bá rì dé ibi tí ooru tó ìwọ̀n 700 sí 900 Celsius. Kì í yọ́ tán. Apá tí ó tètè ń yọ́ nìkan ni ó ń jáde, tí ó ń gòkè, tí ó ń tutù díẹ̀díẹ̀, tí ó sì ń di òkúta gíránáìtì.

Òkúta mìíràn kì í yọ́ rárá, ṣùgbọ́n ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ a máa yí i padà, gẹ́gẹ́ bí iná ṣe ń sọ amọ̀ di ìkòkò láìjẹ́ pé amọ̀ yọ́. Àwọn èròjà rẹ̀ a tò ní ìlà funfun àti ìlà dúdú. Òun ni gneiss. Bí apá kan rẹ̀ bá yọ́, tí èyí tí ó yọ́ àti èyí tí kò yọ́ lọ́ mọ́ ara wọn, migmatite ni.

Ẹ kò ní láti lọ sí òkè òkun kí ẹ tó rí wọn. Ní Ìbàdàn, òkúta gneiss kan wà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju 2,000 mílíọ̀nù ọdún lọ. Ní agbègbè Kaduna, a rí èyí tí ó tó nǹkan bí 3,000 mílíọ̀nù. Ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ ńlá kọlu ilẹ̀ ńlá ní apá ibi tí Tógò àti orílẹ̀-èdè Benin wà lónìí. Ìkọlù náà tún àwọn òkúta àtijọ́ sè. Apá kan yọ́, ó gòkè, ó sì di gíránáìtì bí ti òkè Ìdànrè àti ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.

Ta ni ó ka ọdún wọ̀nyí? Nínú òkúta ni hóró wíwẹ́ kan wà tí ń jẹ́ zircon. Uranium wà nínú rẹ̀, uranium a sì máa di òjé ní ìwọ̀n tí kì í yẹ̀: ìdajì rẹ̀ ń di òjé láàárín nǹkan bí 4,500 mílíọ̀nù ọdún. Ẹni tí ó bá wọn àwọn méjèèjì yóò mọ ọjọ́ orí òkúta.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Boundary. Bí ẹ bá gbẹ́ ilẹ̀ níhìn-ín tàbí ní Ajégúnlẹ̀, yanrìn, amọ̀ àti omi ni ẹ ó bá. Òkúta ìpìlẹ̀ wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ó jìn ju 1,000 mítà lọ. Yanrìn wa, ọmọ òkúta òkè ilẹ̀ ni: oòrùn àti òjò fọ́ òkúta, odò sì gbé e wá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kó ìpìlẹ̀ ilé Abẹ́òkúta wá síhìn-ín, tí ó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e láìjẹ́ kí onímọ̀ yẹ ilẹ̀ wò, ẹ̀mí ọmọ ènìyàn ni ó fi ń ta tẹ́tẹ́. Ta ni yóò yẹ ilẹ̀ wò fún wa, bí a bá ní kí àwọn ọmọ wa má kọ́ ọ?

Ìmọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní nǹkan bí ọdún 1030, Al-Biruni, onímọ̀ Mùsùlùmí, kọ̀wé nípa ilẹ̀ Íńdíà. Ó ṣàkíyèsí pé òkúta ńlá ni ó wà nítòsí òkè, pé ó ń kéré sí i bí odò ṣe ń lọ, títí tí ó fi di yanrìn létí òkun. Ó ní òkun ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, kí odò tó dí i. Nílé wa níhìn-ín, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mosobalaje Oyawoye, ọmọ Ọ̀fà, ni ó kọ́kọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ilẹ̀ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ sì pe àkíyèsí wa sí àwọn òkè àti ilẹ̀ nínú Sūratul-Ghāshiyah. A kì í wo ohun tí a kò fẹ́ mọ̀.

Mo ti lọ bá bàbá ọmọ náà nílé. N kò bá a jà. Mo ní, "Alhaji, ẹ jọ̀wọ́, bí a bá ka ọdún òkúta, a kò gba òkúta lọ́wọ́ Ẹni tí ó dá a." Ó dákẹ́ títí, ó ní òun yóò rò ó. Ẹ bá wa fi àdúà ràn án lọ́wọ́, nítorí pé ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.