Òtútù, Òjò àti Gìrì Aboyún

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí kan gbogbo wa, nítorí kò sí agbo ilé tí a kì í ti bímọ. Ìbéèrè wa ni èyí: ṣé òtútù tàbí ooru tí ó wà ní ìta ni ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ aboyún ru, títí gìrì fi ń mú un?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Àwọn ìyá wa àtijọ́ ti dáhùn rẹ̀ kí a tó bí wa. Wọ́n ní òtútù ni ó ń fa gìrì aboyún. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kìlọ̀ fún ẹni tí ó lóyún pé kí ó má ṣe pẹ́ nínú òjò, kí ó má ṣe fi omi tútù wẹ̀ ní àṣálẹ́, kí ó má sì ṣe sùn sórí ilẹ̀ lásán. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan a máa fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín. Àwa kò ní rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò, kí a mọ ibi tí òtítọ́ rẹ̀ dé.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ àrùn náà. Nígbà tí a bá ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, iye méjì ni à ń kọ sílẹ̀: èkíní ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan nígbà tí ọkàn bá fún, èkejì ni èyí tí ó kù nígbà tí ọkàn bá sinmi. Bí èkíní bá dé 140, tàbí tí èkejì bá dé 90, tí a tún un wọ̀n tí kò sì sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀jẹ̀ aboyún náà ti ru. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20 tí oyún ti dúró, tí a sì rí purotéènì nínú ìtọ̀ rẹ̀, tàbí tí a rí àmì pé kíndìnrín, ẹ̀dọ̀ tàbí ọpọlọ ti ń farapa, àrùn tí ó máa ń ṣáájú gìrì ni. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè pa ìyá, ó sì lè pa ọmọ.

Kí ni àwọn olùwádìí wá rí nípa ojú ọjọ́? Ní 1981 a tẹ ìwádìí kan jáde lórí gìrì aboyún ní Èkó. Wọ́n fi iye àwọn tí gìrì mú wé ojú ọjọ́, wọ́n sì rí i pé ní ìgbà òjò, nígbà tí ooru dínkù tí ọ̀rinrin sì kún inú afẹ́fẹ́, ni gìrì pọ̀ jù. Ní 2007 a tẹ òmíràn jáde láti Mumbai ní ilẹ̀ Íńdíà: níbẹ̀ pẹ̀lú, gìrì pọ̀ sí i ní ìgbà òjò. Ní ilẹ̀ Norway, wọ́n yẹ ìbímọ tí ó lé ní mílíọ̀nù kan wò, láti 1967 títí dé 1998. Àwọn tí ó bímọ ní oṣù Kẹjọ, ní ìgbà ooru wọn, ni àrùn tí ó ṣáájú gìrì ṣọ̀wọ́n jù lára wọn. Lára àwọn tí ó bímọ ní ìgbà òtútù ni ó ti pọ̀ jù.

Èyí kò ya àwọn oníṣègùn lẹ́nu, nítorí òtútù a máa mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ súnkì, ooru a sì máa mú kí ó fẹ̀. Nítorí náà àwọn ìyá wa kò purọ́. Wọ́n ní ojú, wọ́n sì fi wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní àyíká wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ro ó síwájú. Oṣù tí ó tutù jù ní Èkó gbóná ju oṣù tí ó gbóná jù ní Norway lọ. Bí ó bá ṣe pé òtútù gan-an ni ń fa gìrì, ìba yẹ kí àwọn obìnrin Norway máa kú nípa rẹ̀ lójoojúmọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gìrì aboyún ṣọ̀wọ́n púpọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà ni àrùn ẹ̀jẹ̀ ríru yìí wà lára àwọn ohun tí ó ń pa aboyún jù.

Ohun kejì ni pé gbòǹgbò àrùn náà jìn. Ní ìdajì àkọ́kọ́ oyún ni ó yẹ kí àwọn iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ibi-ọmọ fẹ̀ dáadáa. Lára àwọn obìnrin kan, wọn kì í fẹ̀ tó. Ẹni tí gìrì mú ní oṣù Keje nínú òjò Èkó, inú ẹ̀ẹ̀rùn ni oṣù àkọ́kọ́ oyún rẹ̀ ti kọjá. Ta ni yóò wá dá òjò nìkan lẹ́bi? Ohun kẹta ni pé ní Mumbai, àrùn tí ó ṣáájú gìrì kò pọ̀ sí i ní ìgbà òjò. Gìrì nìkan ni ó pọ̀ sí i. Èyí ni pé ẹ̀jẹ̀ aboyún ń ru lójò lẹ́ẹ̀rùn.

Kí ni àwọn ará Norway ní tí ó ń gbà wọ́n? Kì í ṣe aṣọ òtútù. Wọ́n ń wọn ìfúnpá aboyún ní gbogbo ìgbà tí ó bá wá fún àyẹ̀wò, wọ́n ń yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì ń gbẹ̀bí rẹ̀ ní àkókò tí ó tọ́. Oògùn sì wà. Ìwádìí ńlá kan tí a tẹ̀ jáde ní 2002, tí àwọn obìnrin tí ó lé ní 10,000 láti orílẹ̀-èdè 33 kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé magnesium sulphate a máa dín ewu gìrì kù ju ìdajì lọ.

Ibí yìí ni ewu ìgbàgbọ́ àtijọ́ náà wà. Kò sí ibi nínú dída aṣọ bo aboyún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbà pé òtútù ni gbogbo ọ̀ràn náà, nígbà tí gìrì bá dé, iná ni yóò dá, àgbo ni yóò máa rọ sí ẹnu ẹni tí kò mọ ibi tí ó wà, wákàtí yóò sì máa lọ. Àìsàn ni à ń wò, a kì í wo ikú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ mú àwọn ọmọbìnrin yín lọ fún àyẹ̀wò láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún. Ẹ ṣọ́ aláboyún àkọ́bí, ẹni tí ó lóyún ìbejì, èyí tí ó pọ̀ láàrin àwa Yorùbá, àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru rí. Bí orí bá ń fọ́ ọ tí kò dẹ̀, bí ojú rẹ̀ bá ń ṣú, bí òkè ikùn bá ń dùn ún, bí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ bá wú lójijì, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Bí gìrì bá mú un, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ dùbúlẹ̀, ẹ má ki ṣíbí tàbí ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má sì gbàgbé pé gìrì lè dé lẹ́yìn tí ó ti bímọ tán. Ẹ̀yin bàbá, ní ìgbà òjò tí ọ̀nà bàjẹ́, ẹ ti mọ ọkọ̀ tí yóò gbé e kí ọjọ́ tó pé. Ìjọ tí ó bá sì ní ilé ìgbẹ̀bí, kí ó ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá, kí ó sì máa lò ó.

Olúwa wa bá àwọn tí ó mọ ojú ọ̀run í wò, ṣùgbọ́n tí wọn kò mọ àmì àkókò wọn, wí. Kí ìbáwí náà má ṣe kàn wá. Ẹ jẹ́ kí a wo ojú ọ̀run, kí a sì wo aboyún tí ó wà lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú. Kí Olúwa jẹ́ kí a máa gbọ́ ohùn ìyá, kí a sì máa gbọ́ ohùn ọmọ. Àmín.