Olùkọ́ àti Ọlọ́jà: Ta Ló Kọ́ Ta?



Ní 1921, ilé-ẹ̀kọ́ gíga Bryn Mawr ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí fi àkókò ìsinmi kọ́ àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ní ìwé. Ní tiwa, ní 1944, ẹgbẹ́ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ní Abẹ́òkúta ń kọ́ àwọn ọlọ́jà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Láti inú àjọṣe yìí ni àwọn olùkọ́ ti gbọ́ nípa ìrẹsì tí a ń fi agbára gbà lọ́wọ́ ọlọ́jà, àti owó-orí tó ń ni wọ́n lára. Ní 1946, ẹgbẹ́ náà di ti gbogbo obìnrin ìlú. Ní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí oyè sílẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe wí pé olùkọ́ gan-an ló kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́. Bí a óò bá kọ́ni ní ọjà Ìgbògbò, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi àwọn ìyá wa léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kà.