Èríálì Tí Ń Wo Ọ̀tún Wo Òsì Láì Yí Ọrùn

Gbogbo díìṣì DStv tó wà lórí òrùlé ní Mushin àti Surulere ní Èkó ló kọjú sí apá ìlà-oòrùn, nítorí pé sátẹ́láìtì tí ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí wọn dúró sójú kan ní ìwọ̀n 36 lápá ìlà-oòrùn, kì í sì í kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ń so díìṣì náà á máa yí i díẹ̀díẹ̀, ẹlòmíràn á máa pariwo láti inú ilé pé àwòrán ti wọlé, wọ́n á di nọ́ọ̀tù rẹ̀ le, ó parí. Ọ̀ràn ti Starlink, íńtánẹ́ẹ̀tì orí sátẹ́láìtì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, kò rí bẹ́ẹ̀, torí pé nǹkan bí 550 kìlómítà ni àwọn sátẹ́láìtì rẹ̀ fi ga sókè, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi ń kọjá lójú sánmà. Èríálì tí yóò bá irú wọn sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ lè yí ojú rẹ̀ kiri fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí èríálì orí ọkọ̀ ojú irin tó ń gbéra ní ibùdó Mobolaji Johnson ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta lọ sí Ìbàdàn lè ṣe. Ṣíìpù sílíkónì ni Starlink fi ń ṣe tirẹ̀. Ọ̀nà mìíràn wà, tí ohun èlò rẹ̀ ti wà lápò ọ̀pọ̀ ará Èkó tipẹ́: kírísítálì olómi, tó wà nínú ojú àwọn fóònù tí owó wọn kò wọ́n.

Ní ọdún 1888, Friedrich Reinitzer, onímọ̀ ewéko ọmọ Austria tó ń ṣiṣẹ́ ní Prague, kíyè sí i pé ohun kan tó ń yọ́ ní ìwọ̀n 145 Celsius kì í mọ́ gaara àfi ìgbà tí ooru rẹ̀ bá tó nǹkan bí 178. Láàrin ìwọ̀n méjèèjì, ó ń ṣàn, ó sì funfun bí omi ògì. Otto Lehmann, ọmọ Jámánì, ló sọ ọ́ ní kírísítálì olómi. Àwọn mólékù rẹ̀, ìyẹn àwọn ẹyọ tín-ín-tìn-tín tó para pọ̀ di nǹkan, gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ọwọ̀, wọ́n ń ṣàn lóòótọ́, síbẹ̀ ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn dorí kọ, bí iná mànàmáná díẹ̀ bá sì kàn wọ́n, wọ́n á yí padà. Àbààwọ́n dúdú tí ń ràn bíi tàdáwà lójú fóònù tó jábọ́ tó sán, kírísítálì yìí ló ti kúrò ní àyè rẹ̀.

Ìgbì rédíò tí díìṣì ń gbà, èyí tí wọ́n ń pè ní máíkíròwéèfù, gùn ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2.5, kò ju oríkèé àtàǹpàkò lọ. Bí ipá iná inú ìgbì náà bá dorí kọ ibi tí gígùn àwọn mólékù dorí kọ, ìgbì á fà sẹ́yìn díẹ̀. Bí ó bá dábùú wọn, á yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí èrè rẹ̀ wà nìyí. Nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé bá ń yan ní pápá, tí ìlà wọn fẹ́ yà sí òsì, àwọn tó wà lápá òsì á gé ìṣísẹ̀ wọn kúrú, àwọn tó wà lápá ọ̀tún á nà án, gbogbo ìlà á sì yà láì tú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èríálì pẹlẹbẹ tó ní ọ̀pọ̀ ojú kéékèèké ṣe ń darí ìgbì: iná tí wọ́n fi sí kírísítálì abẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan ló ń sọ bí ìgbì ibẹ̀ yóò ṣe falẹ̀ tó. Ilé-iṣẹ́ Kymeta, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2012 ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, ń ta èríálì oníkírísítálì olómi fún ọkọ̀ ilẹ̀ àti ọkọ̀ ojú omi.

Ìṣòro àkọ́kọ́ irú èríálì yìí ni ìlọ́ra. Kírísítálì tó wà nínú ojú fóònù kò nípọn ju nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ìdá ẹgbẹ̀rún mílímítà kan lọ, ṣùgbọ́n ti èríálì sábà máa ń nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, bí ó bá sì nípọn ní ìlọ́po mẹ́wàá, ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ni àkókò tí yóò fi padà sí ipò rẹ̀ lẹ́yìn tí iná bá kúrò.

Ooru ló sì kan Èkó jù. Ní ọdún 1973, George Gray àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Hull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde irú kírísítálì tó mú kí ojú aago àti ti kakulétọ̀ di ohun tó ṣeé tà. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní 5CB, kì í tò bí ó ti yẹ àfi láti nǹkan bí ìwọ̀n 24 dé 35 Celsius. Bí ooru bá kọjá ìyẹn, ó di omi lásán, iná kò sì lè darí rẹ̀ mọ́. Ìwọ̀n 35 kò jẹ́ nǹkan kan fún orí páànù ní Mushin lọ́sàn-án oṣù Kẹta. Ilé-iṣẹ́ Merck ní Darmstadt, ní Jámánì, ti po àwọn àdàlù mìíràn fún máíkíròwéèfù, tí wọ́n fara da ooru tó ju ìwọ̀n 100 lọ, tí wọn kì í sì í jẹ agbára ìgbì tó bí ti ojú fóònù ṣe ń jẹ ẹ́, nítorí náà kò sí ẹni tó lè tú ojú fóònù àtijọ́ palẹ̀ kí ó fi ṣe èríálì gidi.

Ti òjò ni kírísítálì kò ní oògùn fún. Ìwádìí tí G. O. Ajayi àti R. L. Olsen gbé jáde ní ọdún 1985, lórí bí ẹ̀kán òjò ilẹ̀ olóoru ṣe tóbi tó, wúlò fún ìṣirò bí òjò ṣe ń gba agbára lọ́wọ́ ìgbì, èríálì tí kì í yí ọrùn náà yóò sì jẹ nínú ìyà yẹn bíi ti díìṣì.

Yunifásítì Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1962, wà ní Akoka, ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yabatech sì ti wà ní Yábàá láti ọdún 1947. Kí a lè mọ bí ooru ṣe máa ń pọ̀ tó nínú irú èríálì bẹ́ẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ọ̀kan nínú wọn gbé àpótí pẹlẹbẹ kan tí wọ́n dé pa sórí páànù, kí ó fi òṣùwọ̀n ooru sínú rẹ̀, kí ó sì kọ iye tó bá rí ní aago méjì ọ̀sán sílẹ̀ lójoojúmọ́ láti oṣù Kejì dé oṣù Kẹrin. Iye yẹn ni ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta èríálì oníkírísítálì ní Èkó kọ́kọ́ béèrè.